Yàrá Tí Wọn Kò Pe Orúkọ Rẹ̀

"Ọwọ́-Yá, ṣé o ò ní jáde ni? Àbí ibẹ̀ lo fẹ́ sùn sí?"

Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti dúró sẹ́nu ọ̀nà yàrá kọ̀ǹpútà, bọ́ọ̀lù wà lábẹ́ apá ọ̀kan nínú wọn. Ọmọbìnrin tí wọ́n ń pè kò gbójú sókè. Kò sí ẹni tí ìka rẹ̀ yára tó tirẹ̀ ní kíláàsì wọn, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi sọ ọ́ ní Ọwọ́-Yá, orúkọ náà sì ń dùn mọ́ ọn ju bó ṣe yẹ lọ.

Kọ̀ǹpútà ńlá kan ṣoṣo ni ilé ìwé wọn ní, òun ló ń gbé iṣẹ́ gbogbo àwọn kékeré tó wà lórí tábìlì. Olùkọ́ kọ̀ǹpútà ti pín inú rẹ̀ sí yàrá-yàrá, akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan ní tirẹ̀. Bí ẹnì kan bá da tirẹ̀ rú, ti ẹlòmíì kò ní mọ̀ ọ́n lára. Yàrá kọ̀ọ̀kan ní orúkọ tí ẹni tó ni ín fún un. Ó tún ní nọ́ńbà, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ ló ń pín ìyẹn, ìgbàkígbà tó bá sì kú tó tún jí, á tún un pín bó ṣe wù ú. Nítorí náà ni olùkọ́ fi ṣòfin pé ẹni tó bá fẹ́ pa yàrá kan rẹ́ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ pe orúkọ rẹ̀ sókè, kí ẹlòmíì sì wò ó pẹ̀lú rẹ̀.

"Nọ́ńbà dà bí ìjókòó inú ọkọ̀," ló máa ń wí. "Ẹni tó jókòó síbẹ̀ láàárọ̀ lè má jẹ́ ẹni tó wà níbẹ̀ lálẹ́."

Ọwọ́-Yá gbọ́ ọ dáadáa. Àmọ́ òun ni olùkọ́ fi kọ́kọ́rọ́ ẹ̀rọ náà lé lọ́wọ́, ipò náà sì ti ń gùn ún díẹ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, olùkọ́ ní kó pa yàrá akẹ́kọ̀ọ́ kan tó ti lọ sí ilé ìwé mìíràn rẹ́, kí àyè lè wà. Ó wò ó, ó bá a ní nọ́ńbà keje. Bó ṣe fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ni iná lọ. Nígbà tí iná fi dé, tí ẹ̀rọ jí, ara àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ò gbà á mọ́.

"Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹnì kan wá bá mi wo orúkọ ẹ̀," ó ní.

"Orúkọ kẹ̀? Olùkọ́ kékeré! Ṣé ìwé ìporúkọ kíláàsì lo fẹ́ kà ni? Ilẹ̀ ń ṣú lọ o!"

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Ojú tì í. Ó tẹ nọ́ńbà keje. Ẹ̀rọ bi í bóyá ó dá a lójú, ó tẹ bẹ́ẹ̀ ni, ó sì sáré jáde.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Jẹ́jẹ́, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ ń jókòó, tẹjú mọ́ kọ̀ǹpútà títí.

"Yàrá mi ò sí mọ́," ó ní.

Inú yàrá yẹn ni iṣẹ́ àṣekágbá rẹ̀ wà: àwọn àwòrán tí àwọn ọmọdé lè tẹ̀, kí wọ́n sì gbọ́ ìtàn lẹ́nu ìyá rẹ̀ àgbà. Màmá náà ti kú. Kò sí ibòmíràn tí ohùn rẹ̀ wà.

Ọwọ́-Yá wo ẹ̀rọ. Yàrá akẹ́kọ̀ọ́ tó lọ ṣì wà níbẹ̀ pẹ̀lú orúkọ rẹ̀, ó kàn ti kúrò ní ipò keje ni. Ó wá yé e pé yàrá Jẹ́jẹ́ lòun pa rẹ́.

"Iná àná ló fà á," ẹnì kan wí. Gbogbo wọn yíjú sí Ọwọ́-Yá, ẹni tó mọ̀ jù.

"Ó lè jẹ́ iná lóòótọ́," ó dáhùn.

Olùkọ́ ti rìnrìn àjò lọ sí ìpàdé. Ọwọ́-Yá ní nọ́ńbà fóònù rẹ̀, kò pè é. Ojoojúmọ́ ni àwọn yòókù ń kó àwòrán àti orin sínú àyè tuntun tó ṣí sílẹ̀. Ọwọ́-Yá ń sunkún ṣáá, Jẹ́jẹ́ sì tún ni ẹni tó ń tù ú nínú.

"Má banú jẹ́ torí tèmi," Jẹ́jẹ́ á ní. "Kì í ṣe ẹ̀bi ẹ."

Ọ̀rọ̀ yẹn ló dùn ún jù. Ọjọ́ tí olùkọ́ dé, Ọwọ́-Yá kúnlẹ̀, ó jẹ́wọ́ lójú Jẹ́jẹ́.

"Dìde. Ẹlẹ́jọ́ tó mọ ẹjọ́ ẹ̀ lẹ́bi kì í pẹ́ níkùúnlẹ̀," olùkọ́ wí. "Ìgbà wo lo mọ̀?"

"Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, sà."

Olùkọ́ bọ́ awò ojú rẹ̀. "Ohun tí a pa rẹ́ kì í tètè kúrò nínú ẹ̀rọ, àfi tí wọ́n bá kó ẹrù mìíràn lé e lórí. Ká ní o pè mí láàárọ̀ yẹn ni, ǹ bá yọ gbogbo ẹ̀. Ní báyìí, omi ti tẹ̀yìn wọ ìgbín lẹ́nu."

Ó ṣe é títí ilẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣú. Gbólóhùn kan péré ló rí yọ: "Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ sún mọ́ mi kí n..." Ó dá dúró síbẹ̀. Jẹ́jẹ́ ní kó tún un tẹ̀, ó tún ní kó tún un tẹ̀.

Lẹ́yìn náà ló yíjú sí ọ̀rẹ́ rẹ̀. "Èyí tí o fi ìkánjú ṣe, mo ti dárí ẹ̀ jì ẹ́. Ẹnikẹ́ni lè ṣe é. Ṣùgbọ́n mo ń bẹ̀ ẹ́ kó o má sunkún, o sì mọ̀..."

Ó kó ìwé rẹ̀ lọ sí tábìlì mìíràn.

Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀rọ̀. Ìkánjú lè ba nǹkan jẹ́, kí á sì rí i tún ṣe. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ṣe àṣìṣe tó dákẹ́, ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi ń ti ilẹ̀kùn àtúnṣe. Ọwọ́-Yá mọ̀ ọ́n báyìí, ohùn màmá àgbà kò sì ní padà wá mọ́.