Ilé Ọgọ́fà ní Pápá Àǹtí Dọ́rín

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé kan nínú oṣù Kẹwàá, ẹ̀rọ tí gbogbo ìlú Karímbà ti ń dúró dè láti ọdún méjì fi imú kan ilẹ̀, ó gbóòórùn rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, ó sì kọ̀ láti ṣiṣẹ́. Amọlé ni wọ́n ń pe ẹ̀rọ náà. Ó ga tó ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ó ní ẹsẹ̀ mẹ́fà, amọ̀ pupa ilẹ̀ Ọsirélíà ló sì ń jẹ. Bí ó bá jẹ amọ̀ náà yó, a pọ̀ ọ́ jáde ní ògiri, yàrá tẹ̀ lé yàrá, títí ilé yóò fi dúró láìsí pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan búlọ́ọ̀kù. Ilé mẹ́ta ló ń mọ lóòjọ́. Ẹni tó bá ti gba bírìkìlà síṣẹ́ rí, tó mọ bí wọ́n ṣe ń pẹ́ nídìí oúnjẹ ọ̀sán, yóò mọ̀ pé iṣẹ́ ìyanu nìyẹn.

Karímbà kì í ṣe ìlú ńlá. Àlìkámà àti àgùntàn ni wọ́n fi ń mọ̀ ọ́n. Àwọn Yorùbá dé ibẹ̀ ní ọdún márùndínláàádọ́ta ṣáájú ìtàn yìí láti wá ṣiṣẹ́ ní ilé ìpẹran àti ilé ìwòsàn. Wọ́n bímọ, ọmọ bímọ, títí ó fi di pé èdè Yorùbá ni wọ́n fi ń ra búrẹ́dì níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ni òkun gun orí àwọn ìlú etí omi, tí àwọn ènìyàn ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í sá wá sí àárín ilẹ̀. Láàárín ọdún mẹ́ta, ìlú tí èrò inú rẹ̀ kò ju ẹgbẹ̀rún kan lọ di ìlú ẹgbẹ̀rún méjì. Ọgọ́fà ìdílé ló ń gbé inú àgọ́ aṣọ ní pápá ìṣeré. Adìẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ.

Ooru oṣù Kejìlá ló ń ba gbogbo wọn lẹ́rù. Láyé tí à ń wí yìí, ooru ibẹ̀ kì í ṣe èyí tí a lè fi abẹ̀bẹ̀ lé. Ní ọdún tó ṣáájú, ó pa ènìyàn mẹ́ta nínú àgọ́ ìlú kejì láàárín ọ̀sán kan ṣoṣo. Nítorí náà ni ìgbìmọ̀ ìlú ṣe pinnu pé kí ooru tó dé, ilé ọgọ́fà gbọ́dọ̀ dúró ní pápá Àǹtí Dọ́rín.

Ẹni tí wọ́n fi Amọlé sí lọ́wọ́ ni Mákanjúọlá, onímọ̀ ẹ̀rọ, ọmọ ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n. Wọ́n ní orúkọ a máa ro ọmọ, ṣùgbọ́n bí ẹ bá rí bí ọ̀gbẹ́ni yìí ṣe ń jẹun ní òòró, tó ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí ọkọ̀ fẹ́ fi sílẹ̀, ẹ ó mọ̀ pé orúkọ tirẹ̀ kò rí i ro. Ìdí wà tó fi ń kánjú lọ́tẹ̀ yìí. Àṣàbí, àbúrò rẹ̀ obìnrin, wà nínú àgọ́ pẹ̀lú oyún oṣù méje. Inú yàrá kan ni Mákanjúọlá alára àti òṣìṣẹ́ mẹ́rin jọ ń sùn, kò sí ibi tó lè gbé e sí. Ó ti ṣèlérí fún un pé inú ilé ni yóò bí sí.

Ìdí tí ẹ̀rọ fi dúró kò ṣòro láti mọ̀. Láyé àtijọ́, àwọn tó ń la ọ̀nà ní ilẹ̀ náà máa ń gbé e gba orí sàréè àwọn baba ńlá àwọn onílẹ̀, ìyẹn àwọn ènìyàn Àǹtí Dọ́rín, tí wọ́n ti wà níbẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó dé. Ọgbọ̀n ọdún ni àwọn onílẹ̀ fi jà kí òfin tó fi imú sí gbogbo ẹ̀rọ tó ń kọ́lé. Imú náà lè gbọ́ òórùn ara ènìyàn nínú ilẹ̀ kódà bó ti di erùpẹ̀. Bó bá gbọ́ ọ, ẹ̀rọ yóò dúró, ẹni tó sin nǹkan síbẹ̀ yóò sì ní ọjọ́ mẹ́wàá láti wá jẹ́rìí ohun tó jẹ́. Bó bá jẹ́ òkú, wọn yóò ti ilẹ̀ náà pa fún ọdún kan gbáko. Kò sí ẹ̀bẹ̀.

Mákanjúọlá gbé àwòrọ̀ rẹ̀ dání, pátákó tínínrín tí ẹ̀rọ ń kọ ìròyìn rẹ̀ sí, ó sáré tọ Àǹtí Dọ́rín lọ. Ìyá náà jókòó sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀, ó ń bó ọ̀dùnkún. Ẹni ọgọ́rin ọdún ni, òun sì ni alága ìgbìmọ̀ ilẹ̀. Yorùbá rẹ̀ já gaara, ó tilẹ̀ mọ èébú rẹ̀ ju àwọn ọmọ Yorùbá lọ.

"Àǹtí, ibi méjìlélógójì ni imú gbóòórùn nínú pápá yín," ni Mákanjúọlá wí. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n dí imú yẹn pa. Ìṣẹ́jú márùn-ún ni."

"Dí i," ni Àǹtí Dọ́rín dáhùn, kò gbójú sókè. "Èmi á gbé àga mi síwájú ẹsẹ̀ ẹ̀. Kó kọ́kọ́ mọlé lé èmi lórí ná."

"Àǹtí, èèyàn ló máa kú nínú àgọ́!"

"Èèyàn náà ló wà nínú ilẹ̀. Lọ pe Ìyá Fẹ̀yíntọlá wá."

Kò tíì lọ tí Ìyá Fẹ̀yíntọlá fi dé. Ìròyìn kì í pẹ́ lọ́nà ní Karímbà. Òun ni agbẹ̀bí ìlú náà láti ìgbà tí wọ́n ti dé ibẹ̀, ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún, ó wé gèlè sábẹ́ fìlà ńlá tí àwọn olùṣọ́-àgùntàn ń dé. Mákanjúọlá fọwọ́ kanlẹ̀ kíá, ó dìde kíá.

"Ẹ káàárọ̀ mà."

"Káàárọ̀, ọmọ mi. Ìdọ̀bálẹ̀ yẹn ò délẹ̀, ṣùgbọ́n mo gbà á. Nítorí pápá lo ṣe ń sáré kiri?" Ó jókòó ti ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó mú ọ̀dùnkún kan, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bó o. "Olóbi ọmọ ló wà níbẹ̀."

"Olóbi?"

"Ibo ni wọ́n bí ẹ sí tó ò fi mọ olóbi, ibi tó ń tẹ̀lé ọmọ jáde? Ilé rẹ́ǹtì ni gbogbo wa ń gbé nígbà yẹn. Láǹlọ́ọ̀dù tí ò jẹ́ kó o kan ìṣó mọ́ ògiri, ṣé ó máa jẹ́ kó o gbẹ́ ẹ̀yìnkùlé ẹ̀? Tí mo bá gbẹ̀bí obìnrin tán, kí n wá ju olóbi ọmọ sínú ike ìdọ̀tí? Ọmọ tí ò mọ ibi tí wọ́n sin olóbi ẹ̀ sí, ibo ló fẹ́ máa pè nílé? Dọ́rín ló ní, 'Ẹ máa gbé e bọ̀, pápá mi fẹ̀.'"

Ọkàn Mákanjúọlá wálẹ̀. Olóbi kì í ṣe òkú. Bí agbẹ̀bí bá ti jẹ́rìí sí i níkọ̀ọ̀kan, tó tẹ̀ka, iṣẹ́ yóò tẹ̀ síwájú. Ó ní kí àwọn lọ lójú ẹsẹ̀. Ìyá ní òun ò tíì jẹun, pé ilẹ̀ tó ti ń dúró láti ogójì ọdún kò ní sá kí ilẹ̀ ọ̀la tó mọ́.

Ní ọjọ́ kejì, gbogbo ìlú wá sí pápá. Wọ́n ti fi ẹfun sàmì sí ojú ibi méjìlélógójì náà. Ìyá Fẹ̀yíntọlá ń fi ọ̀pá tọ́ka sí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, àfi bí ẹni ń ka ọmọ iléèwé rẹ̀.

"Èyí ni ti Tanímọ̀la. Ọjọ́ méjì ni ìyá ẹ̀ fi rọbí. Orí yìí náà ló fà á!"

Tanímọ̀la, alákàrà òyìnbó ìlú, ọkùnrin oníkùn tó ti lé lógójì ọdún, fẹ́ rẹ́rìn-ín bíi ti àwọn yòókù, ṣùgbọ́n ó kúnlẹ̀, ó gbé ọwọ́ lé ilẹ̀, omi sì bọ́ lójú rẹ̀. Kò sẹ́ni tó fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ìyá tẹ̀ síwájú. Ti àwọn ìbejì ilé epo rèé, wọ́n jọ wà nínú kòtò kan. Ti Yéwándé rèé, èyí tó wà lórí òṣùpá báyìí tó ń tún fèrèsé ṣe fún wọn lọ́hùn-ún. Ó mọ ẹni tó sọkún nígbà tó dáyé àti ẹni tí wọ́n gbá ní ìdí kó tó sọkún. Ní ojú ibi kọ̀ọ̀kan ó ń tẹ̀ka sí ojú àwòrọ̀, Mákanjúọlá sì ń sọ pé ó kù bíi mélòó.

Wọ́n dé ìkejìlélógójì, ní igun pápá, lẹ́bàá wáyà tó yí pápá ká. Ìyá dúró. Ó ní kí wọ́n fún òun ní omi. Ó mu ún tán.

"Ti ta nìyí, Ìyá?"

"Ti ọmọ kan ni."

"Orúkọ ẹ̀ ńkọ́ mà?"

"Ó ti pẹ́."

Mákanjúọlá wo Àǹtí Dọ́rín. Àǹtí Dọ́rín ń wo òkè tó wà lókèèrè. Ohun tí àwòrọ̀ kọ nípa ibí yìí gùn ju ti àwọn yòókù lọ. Òfin sì ní kí onímọ̀ ẹ̀rọ ka gbogbo ìlà tán kó tó fọwọ́ sí i. Ṣùgbọ́n oòrùn ti ń mú, ó ti di ọ̀sán, ìka rẹ̀ sì ti kọjá lórí ìlà náà.

"Olóbi ni, àbí?"

Ìyá Fẹ̀yíntọlá yíjú sí ọ̀nà àgọ́. Àṣàbí dúró láàárín èrò, ó fi ọwọ́ kan ti ìbàdí, ó fi ìkejì nu òógùn ọrùn. Ìyá wò ó títí.

"Olóbi ni," ló wí. "Kọ ọ́ bẹ́ẹ̀." Ó sì tẹ̀ka.

Amọlé mí, ó gbé ẹsẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ogójì ọjọ́ ló fi ń jẹ amọ̀ tó ń pọ ilé. Àwọn àgbà ń gbé àga wá wò ó, wọ́n ń bá a wí bó bá mọ fèrèsé kékeré. Bí ilé kan bá ti gbẹ, ìdílé kan a kó kúrò nínú àgọ́. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ oṣù Kejìlá kò tíì parí tí ooru fi dé, ó dé ní ọjọ́ tí ilé mẹ́ta péré kù. Àṣàbí àti ọkọ rẹ̀ wà lára ìdílé mẹ́ta tó gbẹ̀yìn. Ní ọjọ́ kejì, wọ́n fi aṣọ tútù bo Àṣàbí lórí, wọ́n gbé e gba inú oòrùn tó ń yọ́ rọ́bà bàtà, wọ́n sì mú un wọ inú ilé tó wà ní igun pápá, lẹ́bàá wáyà. Ibẹ̀ tutù bí inú ìkòkò omi. Ó sọkún ayọ̀.

Ọjọ́ kẹta ló rọbí. Wọ́n ránṣẹ́ sí Ìyá Fẹ̀yíntọlá ní àárọ̀, kí ọ̀sán sì tó pọ́n, ọmọbìnrin ti ń ké nínú ilé.

Ní wákàtí yẹn, Mákanjúọlá jókòó sínú ẹ̀rọ rẹ̀ láti fi ìròyìn ìparí iṣẹ́ ránṣẹ́. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìgbà àkọ́kọ́ tó jókòó láti oṣù Kẹwàá. Kò sí ohun tó ń lé e mọ́, nítorí náà ó ka gbogbo rẹ̀, ìlà dé ìlà. Nígbà tó dé ìkejìlélógójì, ohun tó bá níbẹ̀ ni: egungun ọmọ ènìyàn, ọmọ ọjọ́ díẹ̀, nínú àpótí pákó.

Ó sáré dé ilé àbúrò rẹ̀. Àwọn ìyá méjèèjì wà ní fáráńdà, Ìyá Fẹ̀yíntọlá ń fọ ọwọ́ nínú abọ́. Lọ́tẹ̀ yìí Mákanjúọlá dọ̀bálẹ̀, ó délẹ̀, kò sì dìde.

"Ìyá, mo ti kà á."

"O ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kà á ni? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ lọ iléèwé gíga!" Ohùn rẹ̀ kò le. "Dìde. Ọmọ tèmi ni. Òun nìkan ni mo bí. Ọjọ́ mẹ́ta ló lò, mi ò tíì sọ ọ́ lórúkọ. O mọ bí àwa ṣe ń ṣe é: a kì í sunkún ọmọ tuntun, ìyá kì í tẹ̀lé e dé ibi tí wọ́n á sin ín sí. Bàbá ẹ̀ àti Dọ́rín ló gbé e lọ. Lọ́jọ́ kejì, obìnrin kan ń rọbí, mo lọ gbẹ̀bí."

"Kí ló dé tẹ́ ò sọ, Ìyá?"

"Kí n sọ ọ́, kí wọ́n ti ilẹ̀ pa fún ọdún kan? Kí àwọn ọmọ ọlọ́mọ máa yan nínú àgọ́ torí ọmọ tèmi?"

Mákanjúọlá ní òun yóò wó ilé náà, pé òun yóò fi ẹjọ́ ara òun sùn. Àǹtí Dọ́rín ló dá a lóhùn.

"Èmi ni mo jà fún òfin yẹn. Àwọn tó la ọ̀nà lórí àwọn bàbá mi ò bi wá léèrè. Lọ́jọ́ tá a wà ní pápá, a bi ẹni tó lòkú, ó sì fèsì. Mo mọ̀ pé irọ́ ni, mo dákẹ́. Kò dùn mọ́ mi o. Má rò pé ó dùn mọ́ mi."

"Ogójì ọdún ó lé," ni Ìyá Fẹ̀yíntọlá wí, ó ń nu ọwọ́ rẹ̀ ní ìka kọ̀ọ̀kan, "gbogbo ọjọ́ Àbámẹ́ta ni mo ń wá jókòó tì í lẹ́bàá wáyà níbí. Kò sẹ́ni tó ń bi mí. Ní báyìí, tí mo bá fẹ́ kí ọmọ mi, mo gbọ́dọ̀ kan ilẹ̀kùn onílẹ̀kùn."

Fèrèsé wà ní ṣíṣí. Gbogbo ohun tí wọ́n sọ ni Àṣàbí ti gbọ́ láti inú yàrá.

"Ìyá," ló pè, "ibo gan-an ni nínú ilé yìí?"

Ìyá da omi inú abọ́ nù. Ó ní, "Abẹ́ ibùsùn rẹ ni, ọmọ mi. Má bínú."

Lẹ́yìn náà wọ́n gbọ́ tí Àṣàbí ń sọ̀kalẹ̀ lórí ibùsùn, ó ń rọra kérora. "Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wọlé wá bá wa sún ibùsùn yìí kúrò níbí."

Mákanjúọlá àti ọkọ Àṣàbí sún un lọ sí ẹ̀gbẹ́ ògiri kejì. Àǹtí Dọ́rín gbé àga rẹ̀ wọlé láti fáráńdà, ó gbé e sí ojú ibi tó ṣófo náà, nítorí òun mọ̀ ọ́n ju ẹnikẹ́ni lọ. Ìyá Fẹ̀yíntọlá jókòó. Ó wo ilẹ̀ amọ̀ tó ń dán lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, ó tú gèlè kúrò lórí, ó sì bú sẹ́kún, ẹkún ọdún mẹ́tàlélógójì, lójú gbogbo wọn. Kò sí ẹni tó sọ fún un pé ó tó.