Ẹ Máa Bọ̀ Tàbí Ẹ Má Bọ̀?

Ọjọ́ kan péré ni ìròyìn náà fi pẹ́.

Obìnrin àgbàlagbà kan, Ìwàlẹwà Ọdúntán, jí ní yàrá òtẹ́ẹ̀lì tó wọ̀ sí ní Òkèfìà, ní Òṣogbo, ó sì tan fóònù rẹ̀ tó ti pa láti àná. Kò tíì gbé e sílẹ̀ tó fi dún. Phebe ló ń pè láti Ìpetu-Ìjẹ̀ṣà, ìyàwó Akínkúnmi àbúrò rẹ̀.

"Ọkọ mi, ẹ ò wá," ni Phebe wí. "Gbogbo àná ni mo fi ń pè yín. Ẹnu ọ̀nà ni àbúrò yín tẹjú mọ́ títí. Akínkúnmi ti lọ o. Àná ló sùn nínú Olúwa."

Ìwàlẹwà jókòó, ó tún dìde. "Ṣebí òun náà ló ní kí n má wá?"

"Akínkúnmi ni? Nígbà wo?"

"Ó kọ ọ́ sí mi lórí fóònù nígbà tó gbọ́ pé mo ti dé Òṣogbo. Ó ní, 'Ẹ má bọ̀.'"

Phebe figbe ta. "Yéè! Èmi ni mo bá a tẹ̀ ẹ́, ọkọ mi! Ọwọ́ rẹ̀ ti ń gbọ̀n. 'Ẹ máa bọ̀' ló wí, 'ẹ máa bọ̀' ni mo sì kọ."

Ìwàlẹwà wo ọ̀rọ̀ náà lójú fóònù. Ó ṣì wà níbẹ̀ bó ti wà lọ́jọ́ tó dé, láìní àmì kankan lórí: Egbon mi, e ma bo o.

Bí púpọ̀ nínú wa ti ń kọ Yorùbá lórí fóònù nìyẹn. Ẹni tó bá gbà á ni yóò fi ọkàn ara rẹ̀ fi àmì sí i. Ẹlòmíràn ìbá kà á sí 'ẹ máa bọ̀', kó sì ti máa di ẹrù rẹ̀. Kí ló dé tí Ìwàlẹwà fi kà á sí ìlẹ̀kùn tí wọ́n tì mọ́ ọn lójú? Ọkàn tó ní ẹ̀bi ló kà á bẹ́ẹ̀.

Nígbà tó wà lọ́dọ̀ọ́, òun ló ń ṣọ́ ilé tí àwọn àgbẹ̀ Ìpetu ń kó kòkó wọn sí. Ìlú òyìnbó ló kún ojú rẹ̀ nígbà náà, ó sì ń bù nínú kòkó náà tà, díẹ̀díẹ̀, kó lè rí ọ̀nà lọ. Lọ́jọ́ tí àṣírí fẹ́ tú, ó pe Akínkúnmi, ó ní, "Gba kọ́kọ́rọ́ yìí, bá mi fi sípò rẹ̀." Inú àpò ṣòkòtò ọmọkùnrin náà ni wọ́n ti bá kọ́kọ́rọ́. Wọ́n mú un lọ sí Iléṣà, adájọ́ sì rán an lẹ́wọ̀n. Kò dárúkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni.

Ìwàlẹwà gòkè òkun, ó di nọ́ọ̀sì. Akínkúnmi jáde lẹ́wọ̀n, ó di "Akin Olè Kòkó". Orúkọ yẹn ni wọ́n fi ń pè é lọ́nà oko títí irun orí rẹ̀ fi funfun.

Nígbà tí Ìwàlẹwà fẹ̀yìntì, ó kó lọ sí ìlú kan létí òkun, níbi tí oòrùn ti ń mú bí ti ilé, ṣùgbọ́n tí kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n. Ìwé ìgbélùú àwọn òṣìṣẹ́fẹ̀yìntì ló fi ń gbé ibẹ̀. Lọ́dún yìí tó fẹ́ sọ ọ́ dọ̀tun, wọ́n ní dandan ni kó mú ìwé ẹ̀rí ìwà wá láti ọ̀dọ̀ àwọn ọlọ́pàá ìlú tí wọ́n ti bí i. Ohun tó gbé e dé Òṣogbo nìyẹn. Kì í ṣe àbúrò rẹ̀ tó ń ṣàìsàn.

Àtìgbà tó ti tẹ ìka fún àwọn ọlọ́pàá ni ara rẹ̀ kò ti balẹ̀. Yóò jáde sí fàráńdà, yóò padà wọlé. Yóò po tíì, yóò gbàgbé rẹ̀ títí yóò fi tutù. Yóò dé ibi tí wọ́n ti ń wọkọ̀ Iléṣà, yóò gbọ́ tí agbèrò ń pariwo, "Ó ku ẹnì kan!", yóò sì ṣẹ́rí padà. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé ìwé lòun ń dúró dè. Nígbà tí ìpè Phebe pọ̀ lánàá, ó pa fóònù.

Láàárọ̀ ọjọ́ yìí, ẹsẹ̀ rẹ̀ gbé e lọ sí ọ́fíìsì ọlọ́pàá bí ẹni tí kò mọ ibòmíràn tí yóò gbà. Ọ̀gá tó wà níbẹ̀, Ọ̀gbẹ́ni Rájí, jẹ́ aláwàdà.

"Màmá Ìwàlẹwà! Ẹni tó ń jẹ́ Ìwàlẹwà tún ń tọrọ ìwé ìwà lọ́wọ́ ọlọ́pàá? Orúkọ yín nìkan tó ẹ̀rí!" Ó na ìwé náà sí i. "A ti yẹ̀ yín wò tán. Ẹ ò ní àbàwọ́n kankan. Ẹ máa lọ jẹ afẹ́fẹ́ òkun yín."

Àwọn ọlọ́pàá tó kù rẹ́rìn-ín. Ìwàlẹwà kò lè rẹ́rìn-ín. Kò ní àbàwọ́n lóòótọ́, nítorí pé ẹlòmíràn ti gbé àbàwọ́n náà lọ, ó sì ti gbé e dójú ikú. Ìwé náà fúyẹ́, ṣùgbọ́n ó wúwo lọ́wọ́ rẹ̀ ju àpò kòkó lọ.

Lọ́jọ́ náà, kò ṣẹ́rí padà mọ́. Ó wọkọ̀ Iléṣà, ó wọ òmíràn dé Ìpetu.

Phebe dì mọ́ ọn. "Akínkúnmi ní bí ẹ bá dé, kí n sọ fún yín pé kò sí nǹkan kan láàárín òun àti yín. Mo ní, 'Kí ló ti wà láàárín yín tẹ́lẹ̀?' Ó kàn rẹ́rìn-ín ni."

Ìwàlẹwà kò jókòó. Ó ń rìn láti ojú fèrèsé dé ẹnu ọ̀nà. "Ìyàwó mi, bí ènìyàn bá ti pẹ́ jù ńkọ́?"

"Ọ̀dọ̀ Akínkúnmi lẹ pẹ́ dé, ọkọ mi. Ẹ ò tíì pẹ́ lọ́dọ̀ Jésù." Phebe dì í lọ́wọ́ mú. "Ohun yòówù kó jẹ́, ó ti rù ú. Ó ru ohun tí kò ṣe, kò sì la ẹnu rẹ̀. Láti orí àgbélébùú ló ti ń pè wá: 'Ẹ máa bọ̀.' Àwa la fi ẹ̀rù wa kà á sí 'ẹ má bọ̀.'"

Ọ̀rọ̀ yìí gún obìnrin náà lọ́kàn. Ó wólẹ̀ lórí orókún, ó sọkún bí ọmọdé, ó sì wí pé, "Olúwa Jésù, mò ń bọ̀. Bí mo ti rí yìí náà ni mò ń bọ̀." Ẹsẹ̀ tó ti ń sáré kiri láti ọdún wọ̀nyí wá dúró.

Ìwọ tí ìwé yìí bọ́ sí lọ́wọ́, báwo ni ìwọ ti ń ka ìpè Olúwa? Bóyá o ní ìwé tó ń jẹ́rìí pé o mọ́, tí àwọn aládùúgbò sì ń kí ọ ní ẹni rere. Ta ló ru ohun tí ìwé náà kò rí? Má pa ìpè náà bí ẹni pa fóònù. Ọjọ́ kan péré ni Ìwàlẹwà fi pẹ́, kò sì bá àbúrò rẹ̀ láàyè. Olùgbàlà wà láàyè, òun tìkára rẹ̀ ló ń pè ọ́. Ronúpìwàdà lónìí, kí ọ̀la tó di àná.

Má sì rò pé ìrònúpìwàdà Ìwàlẹwà parí sínú ẹkún. Ó mọ̀ pé bí òun bá sọ òtítọ́, ìwé ìwà náà di irọ́ nìyẹn, ilé etí òkun sì bọ́ lọ́wọ́ òun. Síbẹ̀ ó nu ojú rẹ̀, ó wo opó náà lójú, ó ní:

"Phebe, èmi ni mo jí kòkó náà. Ọkọ rẹ kì í ṣe olè. Lọ́la, kí wọ́n tó gbé e lọ sin, èmi fúnra mi ni màá sọ ọ́ lójú gbogbo Ìpetu. Lẹ́yìn náà, mò ń lọ bá àwọn ọlọ́pàá. N kò padà sétí òkun mọ́."