Bọ́nẹ́ẹ̀tì Ngatirah

Ó ti tó ọdún mẹ́rin tí bọ́nẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ ìjàpá mi kì í ké mọ́. Tẹ́lẹ̀, bí mo bá gbé e sókè, sípíríǹgì rẹ̀ méjèèjì á han bíi pẹ́pẹ́yẹ tí wọ́n dì mú, gbogbo àdúgbò á sì mọ̀ pé èmi Kasmadi ti jí. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn ikú ìyàwó mi, ó kàn ń lọ sókè wọ́ọ́rọ́wọ́ ni, á sì dúró síbẹ̀ láìdún. Mo rò pé ọjọ́ ogbó ló mú un rọ̀. Bẹ́ẹ̀, ta ni ọjọ́ ogbó mú rọ̀ rí?

Ngatirah lorúkọ ìyàwó mi. A kò bímọ. Èmi, òun àti ọkọ̀ náà ni. Ọjọ́ tí bọ́nẹ́ẹ̀tì kọ́kọ́ ré lù mí lórí, Ngatirah rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, bí mo bá ń yẹ táńkì epo wò níwájú ọkọ̀, òun ni yóò dúró lápá òsì, tí yóò fi ọwọ́ méjèèjì gbé e dúró.

"Ẹ má pẹ́ o, apá ti ń ro mí," ni ó máa ń wí. "Àbí ẹ̀ ń bí ọkọ̀ míì síbẹ̀ ni?"

Nígbà tí ó kú, mo ṣe gbogbo àdúrà tí a máa ń ṣe fún òkú: ọjọ́ kẹta, ọjọ́ keje, ogójì ọjọ́, ọgọ́rùn-ún ọjọ́, ọdún kan, ọdún méjì. Ó ku ti ẹgbẹ̀rún ọjọ́, èyí tí òkú fi ń dágbére pátápátá. N kò ṣe é. Mo sọ fún àwọn aládùúgbò pé iye ọjọ́ ti dà rú mọ́ mi lójú. Irọ́ ni. Ẹ̀rù ló bà mí. Bí ó bá lọ, ta ni màá máa po ife kọfí kejì fún láràárọ̀?

Láti ìgbà tí ó ti kú, ilé pàápàá kò yọ mí lẹ́nu. Pẹpẹ ilé ìdáná tí ìṣó rẹ̀ ti dípẹtà kò wó. Fèrèsé tí ìkọ́ rẹ̀ ti ṣẹ́ kò gbá. Dókítà ti kìlọ̀ fún mi pé ọkàn mi kò lu dáadáa mọ́. Oògùn tán, n kò padà lọ, ara mi sì le koko. Mo ní orí mi ló sunwọ̀n.

Ní oṣù kẹjọ, nígbà tí gbogbo ìlú wa, Temanggung, ń rùn fún tábà tí wọ́n sá síta, ẹgbẹ́ àwa oníjàpá ń múra láti gun òkè Dieng. Wagino, mẹkáníìkì tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó wá láti Madiun, wá yẹ ọkọ̀ mi wò láàárọ̀ ọjọ́ kan.

"Bàbá, sípíríǹgì ayé ọjọ́un lẹ ṣì ń lò? Ẹ jẹ́ n bá yín fi ṣọ́ọ̀kì onígáàsì sí i."

"Ọkọ̀ àgbà ni. Má fi nǹkan ọmọdé sí i lára."

"Ọ̀pá dúdú méjì báyìí ni, gáàsì inú rẹ̀ ló ń tì í sókè. Tó bá ré lù yín lórí òkè ńkọ́? Ṣé èmi ni màá gbé òkú àgbà sọ̀kalẹ̀ láti Dieng?"

Mo rẹ́rìn-ín, mo gbà fún un.

Ó fi èjìká ti bọ́nẹ́ẹ̀tì kí ó má bàa ré lù ú, ó tú sípíríǹgì òsì, ó tú ti ọ̀tún. Àṣà àwọn mẹkáníìkì wa ni pé ohun àtijọ́ tí wọ́n bá tú, ọwọ́ ẹni tó ni ọkọ̀ ni wọ́n ń kó o lé, kí ó fojú ara rẹ̀ rí i. Wagino yọ èjìká, ó kó wọn fún mi. Sípíríǹgì méjì ló tú. Irin mẹ́rin ni mo gbà. Méjèèjì ti kán sí méjì. Ojú ibi tí wọ́n ti kán ti dípẹtà, aláǹtakùn sì ti kọ́lé síbẹ̀.

Wagino rẹ ohùn sílẹ̀. "Bàbá, èyí á ti kán tó ọdún mélòó kan. Mo fi èjìká tì í, kò wúwo rárá. Kí ló ń gbé e dúró?"

A jọ gbójú sókè. Bọ́nẹ́ẹ̀tì wà lókè, ọwọ́ ẹnikẹ́ni kò sí lára rẹ̀. Ewé kan kò mì nínú ọgbà. Ṣùgbọ́n bọ́nẹ́ẹ̀tì ń gbọ̀n, lápá òsì, díẹ̀díẹ̀, bí apá ẹni tí ó ti gbé ẹrù dúró pẹ́ jù.

Wagino fẹ́ sá. Mo di aṣọ rẹ̀ mú.

"Fi ṣọ́ọ̀kì náà sí i. Tètè."

"Bàbá, ta ló wà níbẹ̀?"

"Ìyàwó mi. Apá ń ro ó."

Ojú ara mi tì mí. Èmi ń po kọfí, mo rò pé mo ń ṣìkẹ́ rẹ̀. Òun gbé ọwọ́ sókè fún ọdún mẹ́rin nítorí pé n kò jẹ́ kí ó lọ sinmi. Mo sì mọ̀ pé bí ọ̀pá yẹn bá ti wọlé, mo di anìkàngbé. Ó kù díẹ̀ kí n sọ fún Wagino pé kí ó dáwọ́ dúró. Mo gbé ọ̀pá kejì lé e lọ́wọ́.

Nígbà tí ó de èyí tó kẹ́yìn tán, mo ní, "Ngatirah, fi sílẹ̀. Ó tó." Bọ́nẹ́ẹ̀tì fò sókè díẹ̀, bí ìgbà tí ènìyàn bá yọwọ́, ó sì dúró jẹ́ẹ́.

Ní ọjọ́ Jímọ̀ tó tẹ̀lé e, mo ṣe àdúrà ẹgbẹ̀rún ọjọ́ náà. Àwọn aládùúgbò jẹ ìrẹsì àti adìyẹ, wọ́n di ìyókù lọ sílé, kò sí ẹni tó bi mí ìdí tí mo fi pẹ́. Wagino jókòó lẹ́nu ọ̀nà, kò wo apá ibi tí ọkọ̀ wà.

Nígbà tí gbogbo wọ́n lọ, oòrùn ṣì mú. Mo lọ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ó mí pẹ́rẹ́, ó sì gòkè fúnra rẹ̀. Kò nílò ẹnì kankan. Mo dúró níwájú rẹ̀, n kò mọ ohun tí mo lè fi ọwọ́ mi ṣe.

Pẹpẹ ilé ìdáná ló kọ́kọ́ wó. Mo gbọ́ bí àwo ṣe ń fọ́. Lẹ́yìn náà, fèrèsé gbá gbàgà.

Ìgbà náà ni mo rántí ìkìlọ̀ dókítà. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀, mo gbé ọwọ́ lé àyà mi, mo sì ń tẹ́tí sí i.