Ìbéèrè Tí Ọláṣùmbọ̀ Kò Bèèrè

Bàtà tó wà lọ́wọ́ ọkùnrin náà ni Ọláṣùmbọ̀ kọ́kọ́ rí. Ọkùnrin gíga kan ni, tó dúdú, tó wọ bùbá àti ṣòkòtò aláwọ̀ eérú. Ó dúró níwájú ìlẹ̀kùn àtijọ́ kan nínú ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ní Oníkàn, ó fi ọwọ́ òsì di bàtà rẹ̀ méjèèjì mú, ó ń fi ẹsẹ̀ lásán tẹ ilẹ̀ jẹ́jẹ́ bí ẹni tó wà nínú mọ́ṣáláṣí.

Ọláṣùmbọ̀ náà kò wọ bàtà, àmọ́ tirẹ̀ nídìí. Ìsìn ìdúpẹ́ kan ló lọ ní Ìsàlẹ̀ Èkó láàárọ̀ Sátidé yẹn, ibẹ̀ ló sì ti yà wá tòun ti aṣọ funfun ìjọ lọ́rùn. Nínú ìjọ tiwọn, ẹni tó bá wọ aṣọ yẹn kì í wọ bàtà sí i.

"Ẹ jọ̀ọ́, ibo ni wọ́n ń kó bàtà sí?" ni ọkùnrin náà bi í.

"Bàtà wo?"

"Èyí tí wọ́n ní ká bọ́."

"Ta ló ní kí ẹ bọ́ bàtà?"

Ọkùnrin náà wo ẹsẹ̀ Ọláṣùmbọ̀. Ó wo àwọn ọmọ iléèwé tó ń kọjá lọ, gbogbo wọn ló wọ bàtà. Ojú tì í, ó fọwọ́ nu ẹnu. "Bí mo ṣe wọlé, ẹ̀yin ni mo kọ́kọ́ rí. Mo ní ẹni tó mọ ibí dáadáa ló ń rìn báyìí."

Ẹ̀rín pa Ọláṣùmbọ̀ débi pé ó fi ìwé tó ń kọ nǹkan sí bojú. "Yéè! Ẹ dákun, ẹ wọ bàtà yín. Aládùúrà ni mí. Ẹ má lọ di ọmọ ìjọ wa láìròtẹ́lẹ̀."

"Ẹ jẹ́ kó wà lọ́wọ́ mi jàre. Ilẹ̀ yìí ti mọ́ mi lára."

Zikrullah lorúkọ rẹ̀. Káfíńtà ni, àdúgbò tí wọ́n ń pè ní Command ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà. Ó ní ìlẹ̀kùn yẹn lòun wá wò, torí wọ́n sọ fóun pé kò ní ìṣó kan ṣoṣo, pé ara igi kan náà ni wọ́n ti gbẹ́ ìlẹ̀kùn àti èèkàn tó fi ń yí. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń fi ìka júwe láìfọwọ́ kàn án. Ọláṣùmbọ̀ bẹ̀rẹ̀ tì í, ó ń kọ ohun tó ń sọ sílẹ̀. Nígbà tí wọ́n dìde, wákàtí kan ti lọ, wọn ò sì tíì kúrò nídìí ìlẹ̀kùn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ irú ẹni tí Ọláṣùmbọ̀ jẹ́ fún yín. Aránṣọ ni, ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n, ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kọjú sí ọ̀nà Ìdímù ní Ẹ̀gbẹ́dá. Tí ìsinmi bá dé, táwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń lọ sétí òkun, òun á gbé báàgì, ó di Badagry, ó di Abẹ́òkúta, ó di Ilé-Ifẹ̀. Ó ti dé Benin lẹ́ẹ̀mejì. Ìtàn ni oúnjẹ rẹ̀. Ẹni tó bá wá rán ṣòkòtò lọ́dọ̀ rẹ̀, á sọ ibi tí baba ńlá rẹ̀ ti ṣẹ̀ wá kó tó mọ ọjọ́ tí ṣòkòtò máa jáde. Kò sẹ́ni tí kò bi ní ìbéèrè yẹn rí, àfi ẹnì kan ṣoṣo.

Ẹni yẹn ni Zikrullah. Ó sọ pé Ìbàdàn ni wọ́n bí òun sí, ṣùgbọ́n Ògbómọ̀ṣọ́ ni bàbá àgbà òun ti wá. Ọláṣùmbọ̀ ní, "Ògbómọ̀ṣọ́ làwa náà!" Inú rẹ̀ dùn, ó gbá a lọ́wọ́, ọ̀rọ̀ sì parí síbẹ̀. Kò bi í pé agboolé wo. Ṣé ẹni tí orí rẹ̀ ń gbóná fún ìfẹ́ ló máa rántí agboolé?

Láàárín oṣù mẹ́ta, "ẹ" ti di "o". Zikrullah bá a tún tábìlì tó fi ń gé aṣọ ṣe, kò gba nǹkan kan. Lọ́jọ́ Sátidé, wọ́n á jọ lọ wo ohun àtijọ́ kan níbi kan. Tí wọ́n bá padà dé, wọ́n á máa rìn kiri inú Gowon Estate, nítòsí ilé bàbá Ọláṣùmbọ̀, títí ẹsẹ̀ á fi máa dùn wọ́n.

"Aya mi, ó ti rẹ̀ ọ́," ni Zikrullah wí lọ́jọ́ kan.

"Ta laya ẹ? O ti sanwó orí mi ni?"

"Jẹ́ kí n wá san án nígbà náà. Mi ò ṣàwàdà o. Mo fẹ́ kí àwọn èèyàn mi wá."

Ọláṣùmbọ̀ dúró. "Kí wọ́n wá," ló sọ.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn ló ń bà wọ́n lẹ́rù. Aládùúrà lọmọbìnrin, Mùsùlùmí lọmọkùnrin, bàbá ọmọbìnrin sì jẹ́ àgbà ìjọ. Wọ́n fi ọ̀sẹ̀ méjì gbáko jọ ronú ìdáhùn sí gbogbo ìbéèrè tí wọ́n lè bi wọ́n nípa ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí. Kò sẹ́ni tó bi wọ́n.

Ọjọ́ mọ̀ mí n mọ̀ ọ́ pé. Bàbá Ọláṣùmbọ̀, Pápá Ebenezer, tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, jókòó sí pálọ̀ rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ ti di olóògbé, nítorí náà àwọn àgbà ìjọ ló jókòó tì í. Alfa Jàfárù, ẹ̀gbọ́n bàbá Zikrullah, ló ṣáájú àwọn àlejò. Wọ́n kíra, wọ́n pa ara wọn lẹ́rìn-ín. Alfa wá béèrè pé, "Ògbómọ̀ṣọ́ kan náà ni wá, ẹ ṣé o. Agboolé wo lẹ wà níbẹ̀, Pápá?"

"Ilé Ajagunlà," ni Pápá Ebenezer wí, ó sì fi ìgbéraga díẹ̀ sọ ọ́, bó ṣe máa ń ṣe.

Alfa Jàfárù gbé ife omi rẹ̀ sílẹ̀. "Ajagunlà ti Ìsàlẹ̀ Ọjà?"

"Òun náà ni."

"Lā ilāha illallāh. Ilé Ajagunlà làwa náà."

Ọmọ ilé kan náà kì í fẹ́ra, kò sẹ́ni tó ní láti ṣàlàyé ìyẹn fún ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ kan náà ni, tẹ̀gbọ́n tàbúrò. Ọláṣùmbọ̀ wo Zikrullah, Zikrullah wo ilẹ̀. Ọláṣùmbọ̀ bá bú sẹ́kún lójú gbogbo èèyàn. Bàbá rẹ̀ la ẹnu bí ẹni tó fẹ́ sọ̀rọ̀, ó tún pa á dé. Àwọn àlejò dìde láìfọwọ́ kan oúnjẹ. "Ẹ̀yin ọmọ, ẹ ṣe sùúrù," ni Alfa ń wí bó ṣe ń lọ, "ọpẹ́ ni pé a tètè mọ̀."

Ọláṣùmbọ̀ kò rí ọpẹ́ kankan níbẹ̀. Ó bínú sí ara rẹ̀. Òun tó ń tú ìtàn gbogbo ayé, òun ló fi ti ọkùnrin tòun fẹ́ sílẹ̀! Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan tí kò lè rán ohun kan gún, ó ti ṣọ́ọ̀bù, ó gbéra lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́. Ó ní bó bá tiẹ̀ jẹ́ ìran kẹfà ni àwọn ti pàdé, òun fẹ́ fi etí ara òun gbọ́ ọ.

Ìyá àgbà Sìdíkátù ló kù tó mọ ìtàn ilé Ajagunlà. Wọ́n ní ó ti lé ní àádọ́rùn-ún ọdún. Ó jókòó sórí ẹní, ó di ọwọ́ Ọláṣùmbọ̀ mú, ó ní kó sọ orúkọ bàbá bàbá rẹ̀. Nígbà tó gbọ́ ọ, ó wo ojú ọmọbìnrin náà tí omijé ti kún.

"Ọmọ mi, nítorí ọkọ lo ṣe ń sunkún báyìí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Ìyá."

"Wọ́n ní ká má sọ ọ́. Wọn ò ṣá ní kí n fi dí ọmọ lọ́nà ilé ọkọ." Ó sún mọ́ ọn. "Obìnrin kan ló ń kọjá lọ, àárẹ̀ mú un, ilé wa ló kú sí. Ó fi ọmọkùnrin kékeré kan sílẹ̀. Ìyá ọkọ mi ló tọ́ ọ. Bàbá àgbà rẹ nìyẹn. A kò bí i nílé yìí, a tọ́ ọ ni. Èèwọ̀ sì ni lọ́dọ̀ wa kéèyàn pe ọmọ tí a tọ́ ní àjèjì. Ẹni tó bá pè é bẹ́ẹ̀, owó ìtanràn ni."

"Ìlú wo ni obìnrin yẹn ti wá?"

"Kò sẹ́ni tó mọ̀, ọmọ mi. Kò lè sọ̀rọ̀ mọ́ nígbà tó dé."

Ara Ọláṣùmbọ̀ fúyẹ́. Kó tó débi ọkọ̀, ó tún wúwo. Ó rántí ẹnu bàbá rẹ̀ tó là tó tún pa dé.

Nígbà tó dé ilé, Pápá Ebenezer ń lọ aṣọ ìjọ rẹ̀.

"Dádì, Ògbómọ̀ṣọ́ ni mo ti ń bọ̀. Mo rí Ìyá àgbà Sìdíkátù."

Bàbá rẹ̀ gbé áyọ́ọ̀nù sílẹ̀. Ó jókòó. "Ó sọ fún ọ."

"Ẹ mọ̀ ọ́n, àbí? Láti ọjọ́ yẹn lẹ ti mọ̀ ọ́n."

"Bàbá mi fi mí búra kó tó kú, pé n kò gbọdọ̀ sọ ọ́ síta. Ṣùmbọ̀, gbogbo ọjọ́ ayé mi ni mo fi ń jẹ́ ọmọ Ajagunlà. Tí kì í bá ṣe ìyẹn, ta ni mí?"

"Inú ń bí mi sí yín, Dádì. Ó ń bí mi gan-an. Ẹ jókòó síbẹ̀, ẹ ń wò mí, mò ń sunkún."

"Ṣé o ti sọ fún ọmọ yẹn?"

"Rárá. Ẹ̀yin lẹ ni àṣírí yìí, ẹ̀yin lẹ máa sọ ọ́. Tí ẹ ò bá sọ ọ́, èmi ò ní sọ ọ́. Mi ò ní lọ ṣílẹ̀kùn àṣírí yín nítorí ọkọ."

Ó wọ yàrá lọ. Bàbá rẹ̀ kò tẹ̀ lé e.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọjá. Zikrullah wá dúró níta ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó ti gbẹ. Ó ní àwọn èèyàn òun ti ń dárúkọ ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Mardiyah fóun, pé kóun fẹ́ ẹ. "O lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́, o dé, o ò sọ nǹkan kan. Kí lo gbọ́ níbẹ̀?"

"Má bi mí. Mo nífẹ̀ẹ́ rẹ, ìyẹn ni mo lè sọ."

"Kí ni kí n wá ṣe?"

"Tó o bá lè dúró, dúró."

"Dìgbà wo?"

"Mi ò mọ̀."

Zikrullah mí kanlẹ̀. "Ó dáa. Mardiyah á fẹ́ ẹlòmíì."

Ọjọ́ Jímọ̀ tó tẹ̀ lé e ni Pápá Ebenezer fúnra rẹ̀ pe Alfa Jàfárù lórí fóònù, pé kí wọ́n dákun padà wá lẹ́yìn ìrun ọ̀sán. Kò sọ fún ọmọ rẹ̀. Ọláṣùmbọ̀ kàn wọlé ni, ó rí àwọn èèyàn ní pálọ̀, ó rí bàbá rẹ̀ lórí ìdúró.

"Alfa, mo parọ́ fún yín nínú ilé yìí," ni Pápá Ebenezer wí. "Bàbá mi kì í ṣe ọmọ Ajagunlà. Obìnrin arìnrìn-àjò kan ló kú sí ilé yín, àwọn bàbá yín ló tọ́ ọmọ rẹ̀. A ò bára tan. Ọmọ àjèjì ni mí. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ wọ̀nyí fẹ́ra."

Ó fẹ́ jókòó, ṣùgbọ́n Alfa Jàfárù ti dìde, ó di apá rẹ̀ mú. Ojú Alfa pọ́n.

"Owó ìtanràn, Pápá."

"Ẹ ní kí ni?"

"Ẹ pe ọmọ ilé wa ní àjèjì. Ìtanràn ni lọ́dọ̀ wa, bó tiẹ̀ jẹ́ ara yín lẹ pè bẹ́ẹ̀. Ta ló ní kí ẹ má jẹ́ Ajagunlà mọ́? Ẹ̀jẹ̀ la bèèrè nítorí ìgbéyàwó, ẹ sì ti dáhùn. Ilé ṣì jẹ́ tiyín."

Pápá Ebenezer sunkún, kò fi ọwọ́ bojú. Ọláṣùmbọ̀ kúnlẹ̀, ó di ẹsẹ̀ bàbá rẹ̀ mú, gbogbo ìbínú rẹ̀ ti tán. Wọ́n mú ọjọ́ ìdána lọ́jọ́ yẹn gan-an, wọ́n sì jẹun lọ́tẹ̀ yìí.

Nígbà tí àwọn àgbà ń dágbére, Ọláṣùmbọ̀ àti Zikrullah dúró lẹ́bàá géètì.

"Dádì bi mí pé ìlú wo ni ìyá bàbá òun ti wá," ni Ọláṣùmbọ̀ wí. "Mo ní kò sẹ́ni tó mọ̀. Ó dùn mí, Zik. Gbogbo ìtàn ni mo mọ̀, mi ò mọ tiwa."

"A ó jọ wá a."

"Níbo? Kò lórúkọ, kò nílùú."

"Ibi gbogbo. Ká kàn bẹ̀rẹ̀ ni."

"Tí a ò bá rí i ńkọ́?"

"A ó ti jọ darúgbó lẹ́nu ẹ̀," ni Zikrullah wí.

Ọláṣùmbọ̀ mú ọwọ́ rẹ̀, ó ní òun gbà.