Ìlẹ̀kẹ̀ Abẹ́ Ahọ́n

Ohùn tó dún lẹ́nu ọ̀nà lọ́sàn-án ọjọ́ náà dára jù. Ohun tó kọ́kọ́ ba Ìyá Àwẹ̀ró lẹ́rù nìyẹn.

"Màmá, ẹ kúulé o. Èmi Àríyíkẹ́ ni. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ ṣílẹ̀kùn fún mi."

Abẹ́ ilẹ̀ ni àwọn ará Òkè-Pupa ń gbé, nítorí kò sí èémí lójú ilẹ̀ ayé pupa tí àwọn baba wọn fi ọkọ̀ òfuurufú dé; ẹni tó bá jáde á wọ aṣọ tó ní èémí nínú, á sì dé akoto. Ẹ̀rọ kankan kì í ṣílẹ̀kùn ilé níbẹ̀. Àgbà ilé ló máa ń jókòó tì í, tí yóò fetí sí ẹni tó wà níta kó tó fọwọ́ kan kọ́kọ́rọ́. Ìdí ni pé àwọn awakùsà, ìyẹn àwọn ẹ̀rọ ńlá tí wọ́n pa tì sí aginjù, ti kọ́ ọ̀rọ̀ èèyàn. Wọ́n á lẹ̀ mọ́ ògiri, wọ́n á gbọ́ gbogbo ohun tí ará ilé ń sọ, wọ́n á wá fi ohùn ọmọ ilé bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n lè wọlé fa iná mànàmáná. Ilé tó bá ṣí fún wọn, èémí ibẹ̀ á tán, gbogbo wọn á sì kú. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kì í há awakùsà lẹ́nu, ẹ̀rù kì í sì í hàn nínú ohùn rẹ̀. Ohun tí àwọn àgbà fi ń dá a mọ̀ nìyẹn.

"Ẹ bi í ní nǹkan kan, Màmá," ni Ọ̀mọ̀wé Gbádérò wí. Òun ni ọ̀gá ilé-ìwé Àríyíkẹ́, ọmọ-ọmọ Ìyá Àwẹ̀ró. Ó wá bá ìyá àgbà yìí jiyàn lórí ìlẹ̀kẹ̀-ọ̀rọ̀ ni.

Gbádérò ló ṣe ìlẹ̀kẹ̀ náà. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ máa ń gbọ̀n bí wọ́n bá ní kí wọ́n dìde sọ̀rọ̀ lójú ẹgbẹ́ wọn. Àríyíkẹ́ tiẹ̀ ń kólòlò. Ni Gbádérò bá fi ìlẹ̀kẹ̀ kan sábẹ́ ahọ́n ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ìlẹ̀kẹ̀ náà á gbọ́ ìbéèrè, á ṣa ọ̀rọ̀ tó yẹ, á sì mú ohùn tutù. Láti ìgbà náà, kò sẹ́ni tó tún gbòdo nínú ìdánwò ọ̀rọ̀ ẹnu.

"Kí lo jẹ kó o tó jáde?" ni Ìyá Àwẹ̀ró bi í.

"Ẹ̀bà àti ọbẹ̀ ilá ni, Màmá. Èémí inú aṣọ mi ti ń tán. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ ṣílẹ̀kùn."

Bí ẹni ń tọrọ iyọ̀ ló ṣe sọ ọ́.

"Òun ni," ni Gbádérò wí. "Ohùn ìlẹ̀kẹ̀ mi nìyẹn."

"Ohùn awakùsà ńkọ́? Báwo ló ṣe rí?"

Gbádérò yíjú kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀.

"Ìwọ lo mọ̀wé. Dá mi lóhùn."

"Wọ́n jọra, Màmá." Òógùn ti bo iwájú rẹ̀. "Ìbẹ̀rù ni mo yọ kúrò nínú ohùn wọn. Mo rò pé oore ni mo ṣe."

Àwọn ọmọ kéékèèké ń ṣeré nínú yàrá lẹ́yìn wọn. Bí Ìyá Àwẹ̀ró bá ṣílẹ̀kùn fún awakùsà, ikú gbogbo wọn nìyẹn. Bí kò bá sì ṣí i fún ọmọ-ọmọ rẹ̀ ńkọ́? Ó fi ẹnu mọ́ ẹ̀rọ ìgbóhùn.

"Bó bá jẹ́ ìwọ ni, tu ìlẹ̀kẹ̀ yẹn síta, kó o fi ẹnu ara rẹ bá mi sọ̀rọ̀."

Ohùn náà dákẹ́.

"Ó ti tó ọdún méjì tí kò ti dá sọ̀rọ̀," ni Gbádérò rọra wí. "Ó lè má lè ṣe é mọ́."

"Máa mú un bọ̀ díẹ̀díẹ̀, ọmọ mi. Mò ń gbọ́."

"M… Mà… Mà-mà…"

Ìyá Àwẹ̀ró yí kọ́kọ́rọ́. Àríyíkẹ́ ṣubú wọlé, ètè rẹ̀ ti dúdú. Wọ́n ṣí akoto lórí rẹ̀, ó mí kanlẹ̀, ó sì di aṣọ ìyá àgbà rẹ̀ mú.

"O… O-Oyè… Oyèlàrán ńkọ́?"

Ọmọ ilé kejì ni Oyèlàrán. Àwọn méjèèjì ni wọ́n jọ ń bọ̀ láti ilé-ìwé, ìlẹ̀kẹ̀ sì wà lábẹ́ ahọ́n tòun náà.

Ìyá Àwẹ̀ró sáré pe bàbá àgbà ọmọ náà lórí ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀. Bàbá ń rẹ́rìn-ín.

"Ẹ ṣé tí ẹ pè, ẹ̀gbọ́n. Awakùsà kan ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà wa. Ohùn Oyèlàrán gan-an ló gbé wọ̀. Ó bẹ̀bẹ̀ títí, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń dùn bí oyin. A ò ṣí i. Ó ti dákẹ́ báyìí."