Ọwọ́ Tí Bàbá Anthony Ń Kà

Bàbá Anthony kì í jẹun ọ̀sán láìkọ́kọ́ dìbò. Wọ́n á jókòó ní pálọ̀ wọn ní Manhattan níbí, wọ́n á ní kí ẹni tó bá fara mọ́ ọn pé ká jẹun nawọ́ sókè. Èmi tí mo ń tọ́jú wọn nìkan ni mo sábà máa ń wà níbẹ̀. Síbẹ̀, wọ́n á ka ọwọ́ títí oúnjẹ á fi tutù.

Ará Switzerland ni wọ́n. Wọ́n ṣe òṣèlú ní ìpínlẹ̀ wọn lọ́hùn-ún, níbi tí ará ìlú ti ń pé jọ sí gbangba láti nawọ́ dìbò. Ilé iṣẹ́ wọn ló sì ń ṣe léèsì tí wọ́n ń kó lọ sí Èkó. Ọ̀kan nínú rẹ̀, funfun oníewé wẹ́wẹ́, la wọ̀ fún ìyá mi ká tó sin wọ́n. Nítorí náà, mo fẹ́ràn bàbá. Àgbà tó bá ń ṣe bí ọmọdé, ṣé èèyàn á máa bá a jiyàn ni? Mo ń nawọ́ bá wọn ṣeré.

Ṣùgbọ́n bí Susan, ọmọ wọn, bá wá kí wọn, ó máa ń ki ọwọ́ méjèèjì bọ abẹ́ itan nígbà ìdìbò.

Lọ́jọ́ kan, bí bàbá ti ń ka ọwọ́ lọ, wọ́n kọjú sí àga tó ṣófo, wọ́n ní, "O ṣé, Doyin."

Mo tẹ̀lé Susan wọ kíṣìnì, mo ní ta ni Doyin.

"Òun ló ń tọ́jú wọn kí o tó dé," ó sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́. "Dádì ń kú lọ. Wọ́n béèrè ẹni tó máa lọ dípò wọn. Doyin rò pé eré ni, ó nawọ́. Ara Dádì yá. Doyin ò jí lọ́jọ́ kejì."

"O ò sì sọ fún mi?"

Inú bí mi débi pé mo fẹ́ gbá a létí.

Mo búra pé mi ò ní nawọ́ mọ́. Lọ́jọ́ Fráìdé, mímí bẹ̀rẹ̀ sí í nira fún bàbá. Oòrùn ọ̀sán ń ràn lójú wíńdò, Susan sì ti sá jáde.

"Àrìnpé," wọ́n pè mí jẹ́jẹ́, "ta ló fara mọ́ ọn láti lọ dípò mi?"

Mi ò fẹ́ nawọ́. Ọwọ́ mi ń lọ sókè fúnra rẹ̀.

Nǹkan tútù kan di ọrùn ọwọ́ mi mú, ó fà á walẹ̀. Mo wò ó. Apá aṣọ léèsì ni, funfun, oníewé wẹ́wẹ́.

Bàbá náà rí i. "Iṣẹ́ wa nìyẹn," wọ́n sọ, wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ka àwọn ọwọ́ tó kù lórí àwọn àga tó ṣófo, wọ́n mirí. "Kò pé." Wọn ò mí mọ́.

Nísinsìnyí, bí pásítọ̀ wa ní East Flatbush bá ní ká gbọ́wọ́ sókè, ọwọ́ ọ̀tún mi kì í gbéra lórí itan. Mo mọ̀ pé ìyá mi ni. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù ń bà mí. Bàbá ti wà ní sàréè, ìyá mi ò sì tíì tú mi sílẹ̀. Ta ló ṣì ń ka ọwọ́?