Àlàfo Kan Nínú Ìwé Florentine

Ní ọdún 1936, nígbà tí mo jẹ́ ọmọ ọdún méjìlá ní ilé-ìwé àwọn Faransé ní Kétu, Gaston tí a jọ wà ní kíláàsì gbé egungun kọ́ mi lọ́rùn láìṣẹ̀. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni. Mo sọ ọjọ́, mo sọ ọdún, kí ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé tí mò ń sọ ọ́ fún lè mọ̀ pé n kò gbàgbé.

Egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́ àgbò ni, apá ìsàlẹ̀, eyín ńláńlá mẹ́fà ṣì dúró lára rẹ̀, okùn sì wà nídìí rẹ̀. Sìnyálì ni à ń pè é. Ẹnikẹ́ni tí ó bá sọ Nàgó, ìyẹn èdè Yorùbá wa, nínú ọgbà ilé-ìwé, òun ni yóò gbé e kọ́rùn. Ẹni náà yóò wá máa ṣọ́ àwọn yòókù, kí ó lè rí ẹlòmíràn tí yóò gbé e fún. Ọrùn ẹni tí sìnyálì bá wà nígbà tí agogo ìrọ̀lẹ́ bá dún, pàṣán mẹ́wàá ni tirẹ̀, yóò sì gbá ilé ìgbẹ́.

Lọ́jọ́ náà, ọrùn Gaston ni ó wà láti àárọ̀. Gbogbo wa mọ̀, a sì pa ẹnu wa mọ́. Èmi jókòó lábẹ́ igi, mo ń jẹ èkuru, n kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Nígbà tí agogo kù díẹ̀ kó dún, Gaston sáré wá, ó bọ́ okùn náà lọ́rùn ara rẹ̀, ó fi kọ́ tèmi, ó sì kígbe sí olùkọ́ ní èdè Faransé pé, “Ó sọ Nàgó!”

Olùkọ́ kò bi í pé kí ni mo sọ. Kò bi èmi náà.

Mo ní n kò sọ nǹkan kan. Olùkọ́ ní kí n tọrọ àforíjì. Mo ní n kò ní tọrọ àforíjì lórí ohun tí n kò ṣe. Ó nà mí. Bí agogo ti dún, ó tún ní kí n tọrọ àforíjì. Mo kọ̀, ó tún nà mí. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni. Ní ìgbà kẹrin, n kò dúró gbọ́ ohun tí ó fẹ́ sọ. Mo fi ẹsẹ̀ rìn láti Kétu dé Idigny, ìlú wa, pẹ̀lú egungun náà lọ́rùn mi, n kò sì padà mọ́. Bàbá mi bínú, ó bẹ̀ mí, ó tún bínú. Mo gbé sìnyálì kọ́ sókè ẹnu ọ̀nà yàrá mi. Ibẹ̀ ni ó wà fún ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n.

Gaston gba ìwé ẹ̀rí, ó di akọ̀wé ìjọba. Èyí tó wá dùn mí jù ni pé Philomène, àbúrò mi, ni ó fẹ́. N kò dí wọn lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n n kò jẹun nílé Gaston, n kò mu omi rẹ̀, n kò sì jókòó lórí àga rẹ̀. Bí ó bá di dandan kí n lọ síbẹ̀, àpótí ìjókòó mi ni mo máa ń gbé dání láti Idigny. Àwọn ọmọdé Kétu mọ̀ mí mọ́ ọn. Bí wọ́n bá rí mi lọ́ọ̀ọ́kán, wọ́n á ní, “Bàbá Alápòótí ti dé o!”

Florentine ni àkọ́bí Gaston àti Philomène. Mo gbìyànjú láti bínú sí òun náà, n kò rí i ṣe.

Ọmọ ọdún méje ni nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ mú un wá lo ìsinmi lọ́dọ̀ mi. Ó rí mi tí mo ń ya ẹnu ewúrẹ́ kan tí mo fẹ́ rà.

“Kí lẹ ń wá lẹ́nu rẹ̀, Bàbá Idigny?”

“Ọjọ́ orí rẹ̀ ni.”

Mo fi hàn án pé eyín iwájú ewúrẹ́, ìsàlẹ̀ nìkan ni ó wà. Pé ti ọmọ ewúrẹ́ máa ń kéré. Pé bí ó bá ti lé ní ọdún kan, méjì tó wà láàrin á yọ, ńlá méjì á rọ́pò wọn. Pé bí ọdún ti ń gorí ọdún ni méjì-méjì yòókù á máa pààrọ̀, títí mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ á fi di ńlá. Ní ọ̀sẹ̀ náà, kò sí ewúrẹ́ kan ní àdúgbò wa tí ọmọ yìí kò ya ẹnu rẹ̀ wò. Nígbà tí ewúrẹ́ tán, ó lọ ya ẹnu ajá Sùlè, aládùúgbò wa. Ajá náà gé e jẹ. Èmi àti Sùlè sáré débẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn lọ́wọ́ rẹ̀, kò sunkún.

Ó ní, “Bàbá, mo ti ka ogún kó tó gé mi jẹ. Ẹ bá mi dì í mú kí n ka ìyókù.”

Sùlè wò mí, ó ní, “Ògúndìran, ọmọ yìí jọ ọ́.” Ọ̀rọ̀ náà dùn mọ́ mi nínú fún oṣù kan gbáko.

Bí ó ṣe dàgbà nìyẹn. Ní ilé-ìwé gíga ní Àjàṣẹ́, ọmọbìnrin mẹ́ta péré ni wọ́n wà nínú kíláàsì rẹ̀, òun ni ó ṣe ipò kìíní nígbà tí wọ́n ṣe bákì, ìdánwò tí wọ́n fi ń wọ yunifásítì. Ó lọ sí yunifásítì ní Dakar, ó ní dókítà eyín ni òun fẹ́ jẹ́. Ní Kétu nígbà náà, bí eyín bá ń dun ènìyàn, wọ́n á fi ẹ̀mú fà á yọ ni, ó parí. Florentine ní, “Èmi kò fẹ́ máa yọ ọ́. Mo fẹ́ máa wò ó sàn.” Ọ̀rọ̀ yìí nìkan, mo sọ ọ́ fún gbogbo ènìyàn tí mo bá pàdé lọ́nà oko.

Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1964, ó gun kẹ̀kẹ́ wá bá mi ní Idigny. Ó ti parí ọdún àkọ́kọ́, ó wá sílé fún ìsinmi. Bí ó bá padà, anatomí ni wọn yóò bẹ̀rẹ̀, ìyẹn ẹ̀kọ́ tí wọ́n fi ń mọ bí ara ènìyàn ṣe tò láti inú. Ó kúnlẹ̀ kí mi, eruku pupa bo ẹsẹ̀ rẹ̀ dé orúnkún. Ó fa ìwé méjì yọ nínú àpò rẹ̀.

Ó ní, “Bàbá, olùkọ́ tí yóò kọ́ wa ní anatomí kọ̀wé sí gbogbo wa. Ó ní kí ẹnì kọ̀ọ̀kan kọ ojú ìwé kan tí yóò fi sọ ẹni tí òun jẹ́. Iwájú gbogbo kíláàsì ni a ó ti kà á lọ́jọ́ kìíní, kí a tó fọwọ́ kan òkú ènìyàn tí a ó fi kọ́ ẹ̀kọ́ náà. Ó ní àwọn òkú wọ̀nyẹn kò lè fi nǹkan pamọ́ fún wa, nítorí náà kí àwa náà má ṣe kọ ohun tí kò dá wa lójú.”

“Ó gbọ́n. Kí ló dé tí ìwé fi jẹ́ méjì?”

“Pàpá ló kọ ọ̀kan fún mi.” Ó kà á, ó sì túmọ̀ rẹ̀. Ìwé náà ní ọmọ akọ̀wé àgbà ni Florentine, láàrin ìwé ni ó dàgbà sí, inú ìwé ńlá kan nílé bàbá rẹ̀ sì ni ó ti kọ́kọ́ rí àwòrán eyín.

“Ìwé ńlá wo nìyẹn?”

Ó bú sẹ́rìn-ín. “Katikísìmù nìkan ni ìwé tó wà nílé wa, Bàbá. Kò sì sí eyín nínú rẹ̀. Pàpá ní tí mo bá lọ dárúkọ ewúrẹ́ níwájú àwọn ará Dakar, wọ́n á sọ mí di ọmọ oko.” Ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀. “Ẹ̀rù ń bà mí o. Bàbá ẹlòmíràn nínú wa, dókítà ni. Ti ẹlòmíràn, mínísítà. Ọ̀rọ̀ tí Pàpá kọ yìí dùn lẹ́nu. Alẹ́ mẹ́ta ni mo fi kà á níwájú dígí.”

“Kí lo wá pinnu?”

“Mo kọ tèmi. Ẹ̀yin ni mo kọ sínú rẹ̀.”

Mo yí ojú sí ẹ̀gbẹ́ kan, mo ń wo ibi tí kò sí nǹkan.

Ó nawọ́ sí òkè ẹnu ọ̀nà. “Mo fẹ́ mú egungun yẹn dání lọ́jọ́ náà. Mo mọ ìtàn rẹ̀: ẹ sọ Nàgó, wọ́n gbé e kọ́ yín lọ́rùn, ẹ bínú kúrò. Ṣùgbọ́n ó ku nǹkan kan tí n kò mọ̀. Kí lẹ sọ gan-an? Ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀ ni mo fẹ́ kọ.”

Ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n! Òun ni ẹni àkọ́kọ́ tí ó bi mí. Ìdáhùn dé ẹnu mi, mo gbé e mì.

“Bi bàbá rẹ.”

“Ṣé ẹ kò rántí mọ́ ni?”

“Mo rántí dáadáa. Bi bàbá rẹ.”

Ó wò mí bí ó ṣe máa ń wo ẹnu ewúrẹ́. “Ó dáa. Màá fi àlàfo sílẹ̀ níbẹ̀.” Mo gbé egungun náà sọ̀ kalẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbà á, ó fẹ́ eruku orí rẹ̀, ó fi ọmọ ìka tọ eyín mẹ́fẹ̀ẹ̀fà lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí ó fẹ́ gun kẹ̀kẹ́, ó yíjú padà.

“Bàbá, ẹ má bínú o. Lóòótọ́ ni wọ́n lé yín dé ẹnu ọ̀nà. Ṣùgbọ́n ta ló ní kí ẹ má padà lọ́jọ́ kejì?”

Mo mú ọkọ́ mi, mo ní mo fẹ́ lọ wo ẹ̀gẹ́ mi. Mo débẹ̀, n kò fi ọkọ́ kan ilẹ̀. Mo dúró láàrin oko, ìbéèrè náà dúró tì mí. Gaston ni ó lé mi lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Gbogbo ọjọ́ tó tẹ̀ lé e, èmi ni mo ń lé ara mi.

Ní ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, lẹ́yìn Mísà, ẹbí pé sí àgbàlá Gaston ní Kétu láti dágbére fún ọmọ náà. Mo gbé àpótí mi síbi ògiri, mo jókòó. Philomène gbé iyán wá.

“Ẹ jẹun, Ẹ̀gbọ́n mi.”

“Mo ti yó.”

“Láti ọdún tí mo ti lọ́kọ lẹ ti yó. Irú oúnjẹ wo nìyẹn?”

Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Gaston náà rẹ́rìn-ín. Ó wọ aṣọ funfun, ó ń rìn kiri bí ọkọ ìyàwó. Ó pàtẹ́wọ́ kí wọ́n dákẹ́, ó ní ọmọ òun fẹ́ ka ìwé tí yóò fi sọ ẹni tí òun jẹ́ ní Dakar. Florentine dìde. Gaston rí i pé ìwé tí ó mú dání kì í ṣe tirẹ̀, ojú rẹ̀ yí padà, ṣùgbọ́n ọmọ náà ti bẹ̀rẹ̀. Ó ń kà á ní Faransé, ó ń túmọ̀ rẹ̀ fún àwa àgbà.

“Orúkọ mi ni Florentine. Kétu ni mo ti wá, níbi tí ilẹ̀ ti pupa, tí kànga sì jìn tó bẹ́ẹ̀ tí ènìyàn kì í rí omi inú rẹ̀. Ẹni àkọ́kọ́ tí ó kọ́ mi ní anatomí kò mọ̀ pé anatomí ni. Àgbẹ̀ ni, ẹ̀gbọ́n ìyá mi ni. Ẹnu ewúrẹ́ ni ìwé wa. Ó kọ́ mi pé kí n wò kí n tó sọ̀rọ̀, kí n kà kí n tó sọ iye. Ọmọ ọdún méjìlá ni nígbà tí ó fi ilé-ìwé sílẹ̀. Egungun tí mo mú dání yìí ni wọ́n gbé kọ́ ọ lọ́rùn, nítorí pé ó sọ èdè ìyá rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí ó sọ ni pé...”

Ó dúró. Ó gbé ìwé náà sókè kí a rí i. Funfun ni ibẹ̀.

“Ibí ló kù, Pàpá. Bàbá Idigny ní kí n bi yín. Kí ló sọ lọ́jọ́ náà?”

“Ó sọ Nàgó,” ni Gaston wí.

“Ọ̀rọ̀ wo?”

“Ó ti pẹ́, ọmọ mi. Ta ló lè rántí?”

“Pàpá, ẹ rántí nọ́mbà àga tí ẹ jókòó lé lórí nínú ìdánwò yín. Ọdọọdún lẹ ń sọ ọ́ fún wa.”

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Gaston kò rẹ́rìn-ín. “Ṣé ó kí ènìyàn ni?” ni ọmọ náà tún bi í, ohùn rẹ̀ rọ̀. “Àbí ó béèrè omi? Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo náà tó, Pàpá.”

Gaston wo egungun náà. Ó wo àpótí mi. Ó wá wo ojú mi. Láti ọdún tí mo ti ń ro ohun tí n ó sọ níwájú ẹbí, ọ̀rọ̀ náà ti gùn tó ìwàásù. Lọ́jọ́ náà ni àyè rẹ̀ yọ, mo sì pa ẹnu mi mọ́. Bí mo bá sọ ọ́, ẹ̀sùn ni yóò jẹ́. Ẹnu rẹ̀ ni mo fẹ́ kí ó ti jáde.

Ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé, ẹ wo bí ó ti rí. Ọmọ ọdún méjìlá kan bẹ̀rù pàṣán mẹ́wàá, ó parọ́ kan tí kò ju ọ̀rọ̀ mẹ́ta lọ. Ọmọ kejì fi ìbínú ti ilẹ̀kùn mọ́ ara rẹ̀. Àwa méjèèjì ti di àgbàlagbà, irọ́ náà ṣì jókòó sáàrin wa. Ọmọ tí kò fẹ́ kọ ohun tí kò dá a lójú ni ó wá ṣí ilẹ̀kùn náà.

Gaston bọ́ fìlà rẹ̀.

“Kò sí ọ̀rọ̀ kankan,” ni ó wí, bí ẹni tí ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀.

Florentine fa kálámù yọ, ó tẹ́ ìwé náà sórí tábìlì, ó fi ìka sí ibi àlàfo. Omi ti kún ojú rẹ̀.

“Ẹ jọ̀wọ́, ẹ tún un sọ, Pàpá. Ẹ sọ ọ́ sókè, kí n lè kọ ọ́ bó ṣe rí.”

Gaston rìn wá síwájú mi, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú aṣọ funfun rẹ̀, ó sì gbé ohùn sókè tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn tó ń kọjá lọ lójú ọ̀nà dúró gbọ́:

“Ògúndìran kò sọ nǹkan kan. Èkuru ló ń jẹ. Èmi ni mo parọ́ mọ́ ọn!”